Ọ̀rá Funfun Ara Ọmọ Tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi Delphine,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ìlú Faransé. Ara bàbá wa ní Sakété ti ń le. Ẹsẹ̀ nìkan ló ṣì ń dùn wọ́n. Yannick ọkọ mi ń lọ síbi iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Onigbolo. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, oyún mi ti pé oṣù márùn-ún.

Fídíò iṣẹ́ yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ya ọ̀rá tó wà lójú awọ wa, ó tò léra bí koríko òrùlé, omi ń wá ọ̀nà kọjá, kò rí! Mo fọwọ́ kan apá mi, ẹnu yà mí. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ara tèmi náà nìyí?

Ẹ ní ọ̀rá funfun ara ọmọ tuntun jọ ọ́, ó ń ṣọ́ awọ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi sì ti ra kànìnkànìn tí wọn yóò fi bó o kúrò pátápátá, kí ọmọ má baà máa rùn tó bá dàgbà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé òbúkọ lo fẹ́ bí fún wa ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìyá ọkọ mi kí wọ́n má bó ọ̀rá náà, wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ má sọ pé èmi ni mo kọ̀wé. Ọlọ́run yóò tọ́jú yín. Kó jẹ́ kí n bí ọmọ yìí láyọ̀, kí a má sì bọ́ aṣọ tí Ó fi bò ó wá.

Àbúrò yín,
Berthe