Ewé Mi Kì í Ṣe Akoto

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Niamey níbí. Mo kí Gbàdé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Ìkíni tán. Inú ń bí mi.

Alfa ará Ìlọrin tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbí ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n rántí pé ìyá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo rántí, kó máa kọ ọ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n kà á sókè lágbàlá, torí gbogbo ilé ló ń mu ewé mòríńgà tí mò ń fi ránṣẹ́.

Kọ́lá ọmọ Gbàdé ṣubú lórí ọ̀kadà, ó forí sọlẹ̀. Ó ń bì, kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ọjọ́ méjì gbáko lẹ fi ń fún un ní omi ewé mi kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, mo bi í lórí fóònù pé akoto rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ti tà á, pé ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ń mu ewé náà kò nílò rẹ̀ mọ́. Mo pè yín. Ẹ ò tiẹ̀ jiyàn. Ẹ ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó ń dáàbò bo ọpọlọ?"

Èmi ni. Tíṣà kan ní yunifásítì tó ń ra ewé mòríńgà lọ́wọ́ mi ló sọ pé àwọn onímọ̀ ń wá ohun kan nínú irú ewé bẹ́ẹ̀, tó ṣeé ṣe kó dín ìbàjẹ́ ọpọlọ kù bí nǹkan bá gbá èèyàn lórí. Ó ní ara eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún yín. Ẹ mú ọpọlọ, ẹ fi eku sílẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Níwájú oníbàárà, èmi náà kì í dárúkọ eku. Oòrùn ibí ń jóni látàárọ̀, mo fẹ́ tà kí n lọ sílé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé irọ́ mi ti pọ̀ jù. Mo ti jáwọ́ nínú irọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ta akoto. Ọwọ́ òsì Kọ́lá ṣì ń gbọ̀n, Gbàdé wá ń pè mí pé ọmọ náà fẹ́ padà sórí ọ̀kadà, kí n fi àpò ewé méjì ránṣẹ́ dípò ọ̀kan.

Mi ò fi ewé kankan ránṣẹ́. Ohun tó wà nínú àpò tí dẹ́rẹ́bà gbé wá yìí, akoto ni. Ọjà Yantala níbí ni mo ti rà á. Mo dé e, mo ní kí ẹni tó ń tà á fi igi gbá a. Ó ní òun ò lè na ìyá àgbà. Mo gba igi, mo gbá a fúnra mi. Ariwo ni mo gbọ́, kò dùn mí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín dé e fún Kọ́lá, Ìyá, torí ẹ̀yin lẹ ní kó ta ti àkọ́kọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí. Kí ọwọ́ ọmọ náà má gbọ̀n mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Alfa ti kọ ọ́ síbí pé kí ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ní kó kọ ìyẹn.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́