Ọwọ́ Gíga Tí Ẹ Fi Sí Alùpùpù

Bàbá Sharon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé alùpùpù yẹn lọ sí Kabba lónìí. Ojú kan lẹ jókòó lé e sí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Kpata tẹ́ ẹ fi ní ọwọ́ gíga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yín fi sí i yẹn tù yín lára. Ẹ ò yí ọwọ́ náà sọ́tùn-ún sósì wò! Àbúrò yín Stephen gbé e jáde láàárọ̀. Bó ṣe ní kóun yà sósì, wáyà àtijọ́ tó ń fún un ní eré, tó ti kúrú jù fún ọwọ́ gíga náà, fà, alùpùpù bá ki eré mọ́lẹ̀. Inú gọ́tà ló já sí. Orúnkún rẹ̀ bó, mo ń sìn ín lọ sí ọsibítù.

Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́, inú báàgì mi ló wà. Èjìká tó ń dùn yín tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ fi ọwọ́ gíga sí i, màá máa fi àbóníkì wọ́ ọ. Kí n ṣáà máa rí èjìká wọ́.