Irin Tí Mo Jó Mọ́ Iwájú Mọ́tò Ìyá Tolú

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ má bi mí lórúkọ. Pánẹ́bítà ni mí ní Mafoluku, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lu páànù mọ́tò, mo sì ti ṣe àṣìṣe ńlá kan...

Àwọn mọ́tò tuntun wọ̀nyí, mi ò kà wọ́n kún rárá. Ẹ wo yẹ̀yẹ́! Inú bọ́ńpà, fóòmù. Ibi tó yẹ kí spare tyre wà, ìgò gọ́ọ̀mù kékeré kan tí wọ́n ní ká fi máa dí ihò táyà. Ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́! Bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó máa wọnú. Wọ́n ní torí kí mọ́tò lè fúyẹ́ ni, kó má mu epo púpọ̀. Irọ́ ni jàre, ahun ni àwọn òyìnbó tó ń ṣe é! Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.

Ni Ìyá Tolú bá gbé mọ́tò tiẹ̀ wá, ó ti forí sọ géètì. Tíṣà ni ní Àjàó Estate, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Mo tú bọ́ńpà, mo rí irin méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì, ó ti ká jọ. Mo pòṣé. Irin tún rèé? Mo gé e dànù, mo yọ irin gidi lára mọ́tò àtijọ́ kan tó ti kú sí ṣọ́ọ̀bù, mo jó o mọ́ ọn. Mo tiẹ̀ gun orí bọ́ńpà, mo fò sókè sódò lójú obìnrin yẹn. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Sunday, ó ń fi mí yangàn fún gbogbo ẹgbẹ́ Good Women ṣọ́ọ̀ṣì wa...

Oṣù tó kọjá, wọ́n wọ́ mọ́tò mìíràn wá, irú ti Ìyá Tolú gẹ́lẹ́, iwájú ẹ̀ ti rún wómúwómú. Mo ti ń bèèrè ọsibítù tí wọ́n gbé dírẹ́bà lọ, àfi bí obìnrin tó wà á gan-an ṣe fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé, ó ń wá ṣájà fóònù ẹ̀! Ẹnjiníà kan tó bá a wá láti Ire-Akari ló wá ń ṣàlàyé pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irin yẹn kó lè ká ni, kó gba ìjàǹbá náà sára kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Tí iwájú bá le jù, ara ẹni tó jókòó ló máa gbà á. Mo bá a jiyàn o, mo ní ọmọ ìwé tí kò mọ òòlù mú ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ṣáà dúró níwájú mi, kò fara pa níbì kankan.

Èmi tí mò ń bú òyìnbó... ta wá ni òpè báyìí? Òpè ni mí, òpè aláriwo!

Mi ò tíì sọ fún Ìyá Tolú. Iwájú mọ́tò yẹn ni Tolú ń jókòó sí lọ iléèwé lójoojúmọ́. Tí mo bá sọ, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gbọ́, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi? Tí mi ò bá sọ ńkọ́? Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn ńkọ́?

Àná ni Ìyá Tolú tún dé o, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin. Wọ́n gbé mọ́tò àbúrò wá, tuntun, ohunkóhun kò ṣe é. Wọ́n ní kí n gé irin yẹ̀yẹ́ iwájú ẹ̀ dànù, kí n jó irú ti Ìyá Tolú sí i. Ó ń bẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí... báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́la?