Irin Tó Nípọn Bí Àtàǹpàkò

Ọmọ mi àtàtà,

Ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ, ẹ kú ìrọ́jú ìlú ńlá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní sùn lọ́dọ̀ yín. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà wa ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti dára, ó ku kí n máa fi àmì ìdánudúró sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kì í tètè dúró. Bàbá rẹ wà dáadáa, ó ń rojọ́ bí ó ti máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ààrò tí mo fi ń yan ẹja ni mo bá wá. Páànù fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, ìdí rẹ̀ ti jó lu. Kíá ló ń gbóná, kíá ló ń tutù, bí ọmọ tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́. Ẹja á jó dúdú lápá kan, á rọ̀ lápá kejì. Ìyá olóúnjẹ ilé ìwé, oníbàárà mi tó tóbi jù lọ, wá kìlọ̀ pé bí òun bá tún rí ẹja olójú méjì, òun á bá ẹlòmíràn lọ. Oorun dá lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi àwòrán ààrò tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù.

Àwòrán dé. Mo rí 3mm tí o kọ sábẹ́ irin rẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kí mi, mo kí wọn padà. Wẹ́dà tó máa jó irin náà pọ̀ bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kó nípọn tó. Mo mú rúlà mi, mo wọn irin inú fóònù. Kò nípọn ju èékánná lọ. Bàbá rẹ ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, irin fẹ́lẹ́ ló ń tètè gbóná. Ibi tí mo ti ń fi ìka méjì di fóònù mú kó má baà bọ́ ni àwòrán bá wú! Mo tún un wọ̀n, ó ti nípọn bí àtàǹpàkò mi. Mo ronú sí i. Ohun tó bá jìnnà ló ń kéré lójú, ìgbà tó sún mọ́ mi ni mo rí òtítọ́. Mo ní kí wẹ́dà lo èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ẹja ni mo fẹ́ yan ni, àbí olè ni mo fẹ́ tì mọ́lé.

Ó ṣe é. Ó pẹ́ kó tó gbóná, ó jẹ igi bí ẹni ń jẹ guguru, bàbá rẹ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó wá gbóná, ooru rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹja pọ́n yíká bákan náà. Ìyá olóúnjẹ yí ọ̀kan síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tó ti jó, kò rí i. Ó ní òun ò lọ síbi kankan mọ́. Bàbá rẹ ti ń sọ káàkiri pé òun lòun yan irin náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin àdúgbò kò lè gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ibẹ̀ ni mo ti ń yan ẹja báyìí, wẹ́dà sì ń jẹ ẹ́ bí owó ilé, ó ti ń béèrè iyọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi apá irin gbé ẹrù sókè ránṣẹ́ kíá. Má gba báǹkì rán an, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn.

Ẹrù ayé kò ní wúwo ju ọrùn rẹ lọ. Èyí tó bá sì wúwo, Olúwa yóò fi ẹni tí yóò bá ọ gbé e sí tòsí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń kàwé.