Gáùn Alápá Òsì Méjì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti ń ṣẹ́tí aṣọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú? Ojú mi ń rí abẹ́rẹ́ bàìbàì, ṣùgbọ́n ara mi yá. Bàbá rẹ nìyí, ó ń hanrun lórí àga.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọ̀gá rẹ pè ọ́ ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ọ́fíìsì, nítorí iṣẹ́ tí kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́. O ní bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, o ó bú u padà, kí iṣẹ́ bọ́ bó bá fẹ́ bọ́. 

Mo kà á tán ni oorun gbé mi lọ. Lójú àlá, mo tún bá ara mi nílé ìránṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó bí ọ. Fọ́nrán òwú ń léfòó nínú oòrùn, maṣíìnì ń kùn yùn-ùn, bíi tọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa rí ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó kọ́là ọrùn aṣọ oníbàárà kan. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìwọ náà ni! Ọwọ́ ẹ kì í balẹ̀." Ọlọ́run mọ̀ pé n kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. N kò fèsì o. Mo rò pé sùúrù nìyẹn. Mo kọjú sí sátìnì funfun tí a fẹ́ fi rán gáùn ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀túnla, mo ń gé e wàrà-wàrà, mo ń bá ọ̀gá jà lọ́kàn mi.

Sátìnì lójú, ó lẹ́yìn. Bí o bá gé apá kan, o gbọ́dọ̀ yí bébà tí o fi wọ̀n ọ́n dà kí o tó gé ìkejì. N kò yí i dà. Apá òsì méjì ni mo gé, aṣọ sì ti tán.

Àǹtí Jẹ́jẹ́, àgbà aránṣọ tó jókòó tì mí, gbé e wò sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ló bú ẹ, ìyàwó oníyàwó lo wá gé lápá. Lọ bọ́jú. Tínú ẹ bá rọ̀, sọ méjèèjì fún ọ̀gá: èyí tó o ṣe àtèyí tó ò ṣe."

Mo bọ́jú, mo lọ. Mo sọ méjèèjì fún un láìpariwo. Ọ̀gá wo kọ́là náà títí, ó ní, "Ó mà ṣe o. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lánàá." Ara ìrù gáùn tó ń wọ́ nílẹ̀ la ti gé apá ọ̀tún. Ìyàwó ní ìrù kúkúrú náà dùn ún jó.

N kò ní kí o gbé ìbínú mì, ọmọ mi. Èyí tí mo gbé mì, ọwọ́ mi ló gbà jáde. Sọ tẹnu rẹ, ṣùgbọ́n bọ́jú ná. Ẹyin lohùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o rí ojú rere ọ̀gá rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dojú tì ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ àtijọ́.

Àfikún: Apá òsì kejì, tí mo ti tọ́jú láti ọjọ́ náà, ló wà nínú àpò ìwé yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbé e wọ ọwọ́ ọ̀tún, kí o wo ara rẹ nínú dígí. Tí o bá rẹ́rìn-ín tán, máa lọ bá ọ̀gá rẹ.