Òòyà Tó Ní Kì Í Ṣe Tòun

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn máa pè mí ní Àlejò, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé yìí ni, mi ò sì tíì lọ́rẹ̀ẹ́.

Láràárọ̀, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa máa ń jókòó lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ilé ìwé, á gbé orí àbúrò rẹ̀ obìnrin sáàárín orúnkún, á fi ìrù òòyà la irun rẹ̀, á sì rọra dì í, torí ìyá wọn ti máa ń jáde lọ síṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Àpáta làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Lánàá, wọ́n ká a mọ́ ibẹ̀.

"Háà! Àpáta ti di onídìrí! Ìyá onídìrí, ẹ bá mi di tèmi náà!"

Ni Àpáta bá ju òòyà nù. "Kì í ṣe tèmi jàre!"

Àbúrò rẹ̀ ò sunkún. Ó fọwọ́ bo apá orí tí wọn ò tíì dì, ó sì lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àpáta ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ náà.

Èmi ni mo mú òòyà náà nílẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá a padà fún un ní kọ̀rọ̀ ni? Ojú máa ń tì mí o. Ṣùgbọ́n lọ́la, màá tú irun mi, màá jókòó ti àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo wọn, màá na òòyà sí Àpáta, màá ní: "Tó o bá ṣe tiẹ̀ tán, èmi ló kàn."