Ilé Ìwẹ̀ Tí O Sanwó Rẹ̀ fún Èmi Nìkan

Kazuhiro ọmọ mi,

Báwo ni òtútù Tokyo? Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáni létí, ewé orí òkè ti pọ́n, mo sì ti bó èso kákì, mo so wọ́n mọ́ abẹ́ òrùlé kí wọ́n gbẹ. Mo kí Misato ìyàwó rẹ, mo kí Honoka ọmọ ọmọ mi. Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ yín, kí ọkọ̀ ojú irin tó máa ń kún yẹn má fún yín pa. Ara mi le. Mo bu ìrẹsì gbígbóná síwájú àwòrán bàbá rẹ láàárọ̀ yìí, mo ní lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ sí ọ, torí fóònù tó o rà fún mi kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó ní iná ti ń tán nínú òun.

Mo ti lọ síbi ìsun omi gbígbóná tó o ní kí n ti lọ sinmi, kí n sì ro ọ̀rọ̀ tó o sọ, pé kí n ta ilé, kí n wá máa bá yín gbé. Mo sinmi, mo sì rò ó. Má sáré wo ìdáhùn nísàlẹ̀, kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí mi tẹ̀ríba-tẹ̀ríba, ó ní kí n fi fóònù mi han òun. Inú mi dùn pé ó bèèrè. Mo fi Honoka hàn án lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, mo fi ìgbà tó ní eyín kan hàn án, mo tún fi kábéèjì mi tọdún yìí hàn án. Ó rọra ní àwòrán dúdú-funfun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti sanwó, lòun ń wá. Mo ní mo ti pa ìyẹn rẹ́, torí ó dà bí ẹni pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Wọ́n ṣáà rí orúkọ mi nínú ìwé wọn.

Ó mú mi lọ sí yàrá kan, ó ní omi inú ẹ̀ tèmi nìkan ni, bí ọmọ mi ṣe sanwó ẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní í wọlé bá mi. Mo bi í bóyá wọ́n rí àrùn lára mi ni, ó ní rárá o, ìgbádùn ni. Mo jókòó sórí àpótí, mo kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó wọ omi gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, mo fọ apá, mo fọ ẹsẹ̀, ó wá ku ẹ̀yìn. Mo dúró títí, kò sẹ́ni tó wá.

O ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ abúlé yìí bí ìyàwó, Yoneko ará ilé kejì ló ń bá mi fọ ẹ̀yìn nílé ìwẹ̀, èmi náà ń bá a fọ tirẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń gbọ́ ta ló bímọ, orúnkún ta ló ń ro ó. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n tà fún un. Ni mo bá wé aṣọ wọn mọ́ra, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin kan tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti àárọ̀ wá, obìnrin kan láti Saitama náà wá. A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oníkálukú ń fọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn oníjà méjì náà fi ń rẹ́rìn-ín.

Ará Saitama yìí, èmi ni mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ọmọ òun mú òun lọ sílé rẹ̀ nígboro, ọmọ náà dáa, ilé náà móoru, ẹ̀rọ omi ìwẹ̀ ibẹ̀ tiẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, á ní omi ti gbóná o, òun á dá a lóhùn, kò ní í fèsì. Ó ní látìgbà tóun ti débẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kan ẹ̀yìn òun rí. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ kànrìnkàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tún ẹ̀yìn náà fọ̀.

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà dé, ó ní Màmá, ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá yìí wà fún. Mo ní òótọ́ ni, èmi ni mo ni ín, àlejò mi ni àwọn wọ̀nyí.

Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àga kan tó ń fọwọ́ ra èèyàn lẹ́yìn. Mo bẹ ẹni tó wà nínú ẹ̀ pé kó rọra, mo sì fi ọsàn kan sílẹ̀ fún un, torí iṣẹ́ inú òkùnkùn ò rọrùn. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ márùn-ún. Mo fún wọn ní ọ̀kan, torí ipò kìíní ló tọ́ sí wọn. Ojú ọ̀gá wọn kọ́rẹ́, àfi bíi pé ayọ̀ pọ̀ jù fún un.

Kazuhiro, mi ò ní í wá. Kí Misato má rò pé òun ló ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, bí ẹ bá sì ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹnìkan náà ni mo máa jẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Má ta ilé.

Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi tún òrùlé ṣe kí yìnyín tó dé. Má fi í sínú fóònù mọ́, mo ti gbọn èyí tó o fi sí i lóṣù tó kọjá títí, kò jáde. Kí iṣẹ́ rẹ máa gbè ọ́, kí òtútù má rí yín gbé ṣe, kí o pẹ́ láyé jù mí lọ.

Bí owó ò bá sì sí, ẹ ṣáà mú Honoka wá lọ́dún tuntun. Màá mú un lọ sílé ìwẹ̀ wa, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tèmi náà ti ń kéré.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fumie